Ọwọ́ Tí A Kọ Ebè Fún

Bí wọ́n bá ń ta gìtá níbì kan ní Manigri, ẹ má wulẹ̀ wá mi lọ sílé. Apá òsì pèpéle ni ẹ ó ti rí mi, níbi tí onígìtá máa ń dúró sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Akọrin lè máa lérí níwájú, àwọn oníjó lè máa da yẹ̀pẹ̀ sí ara wọn lẹ́sẹ̀, tèmi ni pé kí n rí ọwọ́ onígìtá méjèèjì, èyí tó ń tẹ okùn lọ́rùn gìtá àti èyí tó ń ta á. Ìyàwó mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí orin bá wà, òun kì í gúnyán sílẹ̀ dè mí, nítorí àwọn adìyẹ ni yóò jẹ ẹ́. Kò parọ́.

Kì í ṣe pé n kò ní fóònù. Mo ní in, orin sì kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin inú fóònù ti parí kí n tó gbọ́ ọ. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibi kan náà ni yóò ti yà, ibi kan náà ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Orin tí wọ́n ń ta lójú ẹni kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta á fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó ń lọ, mo sì fẹ́ràn kí n máa wo ojú ẹni tó ń wá ọ̀nà.

Onígìtá wa, ẹgbẹ́ mi ni, a jọ dàgbà ní Manigri. Mo wà níbi ìgbéyàwó kan tó ti ṣeré ní Pénéssoulou, tí okùn tín-ín-rín já mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín orin. Kò dúró. Ó wo okùn náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó orin náà sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn okùn tó nípọn, ó sì parí rẹ̀ níbẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni pé àgbàlagbà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Àwọn tó ń jó kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èmi mọ̀, mo sì ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ní Alédjo ńkọ́, níbi tí òkè ti ga tí afẹ́fẹ́ sì tutù, okùn kò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu rárá. Bí orin kan bá ti parí, á tẹrí ba, á gbé etí sún mọ́ gìtá, á máa yí okùn náà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn wọn á fi bá ara mu, gbogbo èrò á sì dákẹ́ dè é. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn bí mo ṣe fẹ́ràn orin. Àwọn kan máa ń pè é ní ìfàkókòṣòfò, mo sì ti bá ẹni méjì jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Àwa ẹgbẹ́ kan wà tá a jọ ń ṣe àáró. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, a ó kó ọkọ́ wa, a ó lọ kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí, tí oníkálùkù yóò sì ní ibi tí yóò gbin iṣu sí. Ẹni tá a wà lóko rẹ̀ ló ń bọ́ wa. Ẹni tí kò bá wá sóko àwọn tó kù, kó má retí ẹnikẹ́ni lóko tirẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀, bó ṣe wà nìyẹn. Onígìtá nìkan la yọ sílẹ̀, èmi ni mo sì bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́dún kan, ọkọ́ bó o lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pè é síbi ìkómọjáde kan, kò lè ta gìtá. Ó gbé gìtá lé ẹsẹ̀, ó jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Bóyá ó dùn mí ju bó ṣe dùn ún lọ. Mo lọ bá olórí àáró wa, mo ní ká má jẹ́ kó di ọkọ́ mú mọ́. Kó máa gbé gìtá wá sóko dípò ọkọ́, kó máa ta á fún wa bá a ṣe ń ṣiṣẹ́, ká sì máa kọ ebè tirẹ̀ bíi ti ẹni gbogbo. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹnì kan bèèrè bóyá kí òun náà lọ ra fèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló wá ń bèèrè rẹ̀ bó bá pẹ́ dé. Gìtá àtijọ́ kan ló máa ń gbé wá, èyí tí kò nílò iná. Á jókòó sábẹ́ igi kajú, á máa wò wá. Kì í ta orin kó gbàgbé wa. Bí ẹnì kan bá ń rẹ̀yìn, á dẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kí onítọ̀hún lè bá wa. Bí oòrùn bá mú, á wá ohun tó fẹ́ẹ́rẹ́ ta. Bó bá sì rí i pé poro kan kù díẹ̀ kó parí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwa náà á sáré tẹ̀ lé e, a ó máa rẹ́rìn-ín, gbogbo ọkọ́ á sì máa wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti kọ ebè láti kékeré, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè máa fojú sọ́nà fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ọwọ́ yẹn mọ́ ohun ìní mi. Bó bá ta gìtá lóde, tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, mo máa ń wo àtẹ́lẹwọ́ tèmi tó ti le bí èèpo igi, mo máa ń rò ó pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Àpótí tó ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ jáde, orí alùpùpù mi ló máa ń wà bí wọ́n bá ń lọ sí òde tó jìnnà. N kò gba nǹkan kan rí. Ta ni ènìyàn yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, kò gbé gìtá wá sóko. Ó ní okùn ti tán, òun ń retí òmíràn láti Parakou. Ó jókòó sábẹ́ igi kajú, ó ń tẹ fóònù, ó sì bá wa jẹ iyán nígbà tí iyán dé. Bó ṣe ṣe nìyẹn lóko gbogbo wa. Àwọn kan ń ráhùn. Èmi ni mo gbèjà rẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kó fi ìrù ewúrẹ́ ta gìtá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí, a sì kọ ebè rẹ̀ pé pérépéré.

Lọ́dún yìí, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ yóò ṣeré ní gbàgede ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Bassila. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ògiri láti ọjà dé ojú títì. Nínú àwòrán náà, gìtá rẹ̀ tóbi ju orí akọrin lọ. Inú mi dùn. Ọjọ́ ìsinmi ni. Mo kúrò lóko lọ́sàn-án, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ṣe ọdún, mo sì gun alùpùpù lọ sí Bassila, ekuru sì bá mi lọ pẹ̀lú aṣọ ọdún mi.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan gun ògiri. Mo lọ síbi tí mo ń dúró sí. Ó rí mi, ó gbé orí sókè kí mi, ó wọ bàtà funfun tí n kò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Orin àkọ́kọ́ dùn. Èkejì náà dùn. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ ẹ̀kẹta, ara ti ń fu mí. Oòrùn yẹn mú gan-an, kò sì tíì yí okùn kankan. Kò gbé etí sún mọ́ gìtá rárá. Bí orin kan bá ti parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdákẹ́jẹ́ kankan láàárín wọn.

Mo wá wo àpótí ohùn rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iná pupa kékeré orí rẹ̀ kò tàn. Mo mọ àpótí yẹn bí mo ṣe mọ èèkù àdá mi. Bí iná yẹn kò bá tàn, kò lè gbé ohùn kankan jáde. Ẹni tó bá gbọ́n ì bá ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èmi ò gbọ́n lọ́jọ́ náà. Etí mi ń gbọ́ gìtá, ojú mi ń wo àpótí tó kú, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ ti dá ọ̀rẹ́ mi dúró lójú èrò, ariwo ni kò jẹ́ kó mọ̀. Ojú tì mí fún un. Mo na ọwọ́, mo tan àpótí náà.

Gìtá méjì ló jáde. Ọ̀kan ń lọ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Èkejì ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, okùn rẹ̀ kò bá ara wọn mu, ìka rẹ̀ ń bọ́ síbi tó bá bọ́ sí. Onígìtá yíjú sí mi. N kò rí ojú yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sáré wá, ó pa àpótí náà, ó sì fi igbá àyà tì mí sẹ́yìn. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọ̀mùtí kan ló lọ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Orin kò dúró. Kí ló fẹ́ mú un dúró?

Mo dúró títí wọ́n fi parí. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń rí i pé kò tilẹ̀ tẹ okùn dénú. Ńṣe ló ń fi ìka gbọ́n ọn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin lára oúnjẹ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo bá a lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù. Oòrùn kò tíì wọ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tó o ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi?"

"Mo rò pé àpótí ẹ ló kú."

"Kò kú. Kìlé la fi ṣe é." Ó fa kìlé kan yọ lápò, irú èyí kékeré tí wọ́n ń kó orin sí, tí kò ju ìka ọmọdé lọ. "Pléébáàkì ni, orin tá a ti gbà sílẹ̀ là ń tàn. Gbogbo wọn ló ń ṣe é ní Parakou, ní Kútọnu. Àwọn tó pè wá ní àwọn fẹ́ kó dún bó ṣe ń dún nínú pọtábù, nínú fóònù wọn. Wọn ò fẹ́ ẹni tí yóò máa yí okùn lójú èrò."

"Ta ló ta tinú kìlé?"

"Èmi náà ni. Ọwọ́ mi ni. Ìgbà tá a lọ gbà á sílẹ̀ ní Parakou. Torí náà, irọ́ wo ni mo pa?"

Mo na ọwọ́ sí i. Ó rò pé mo fẹ́ ká parí ìjà, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Mo fi ìyẹn sílẹ̀, ọwọ́ òsì ni mo mú, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ orí ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta gìtá, okùn a máa la orí ìka rẹ̀, á san, á tún là, títí yóò fi le. Mo mọ ìka yẹn nígbà tó le. Ó ti rọ̀ bí ìka akọ̀wé.

"Okùn ò tán lọ́dún tó kọjá," mo ní.

"Kò tán." Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti sú mi ni. Ìka ń dùn mí, orin kan náà, òde kan náà. Kìlé kì í rẹ̀."

"A kọ ebè ẹ."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣé." Ó wo ẹ̀yìn, àwọn tó kù ń pè é. "Ọ̀rẹ́, nínú gbogbo èrò tó wà níbí lónìí, ta ló mọ̀? Ìwọ nìkan. Máa lọ sílé."

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Bí n kò bá lọ síbẹ̀, gbogbo Bassila ì bá ti sùn pẹ̀lú ayọ̀. Mo gun alùpùpù padà sí Manigri, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀dàlẹ̀ ni mo ń pè é. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀ sókè, torí kò sí ẹni tó ń gbọ́ mi.

Ìyàwó mi rí ojú mi nígbà tí mo wọlé.

"Bàbá wọn, orin ò dùn ni?"

"Ó dùn."

"Kí ló wá dé?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni ọwọ́ ni?" Mo ní àwa la jọ ni ín. Ó wò mí lójú, ó ní kí n lọ wẹ ekuru ara mi. N kò bá a wí. Bí ẹlòmíràn bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi, èmi náà yóò ní kó lọ wẹ̀.

N kò sọ fún àwọn tá a jọ ń ṣe àáró. Mo fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un, èmi ni mo gbèjà rẹ̀, ìtìjú náà ì bá pọ̀ lọ́dọ̀ mi ju lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ. Oko tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dé lọ́dún yìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ fún olórí àáró, pé kí ó ránṣẹ́ sí onígìtá kó wá. Mo ní kó gbé gìtá wá, bí kò bá sì lè gbé gìtá, kó mú ọkọ́. Mo rò ó pé bó bá jókòó sábẹ́ igi kajú yẹn, tí gbogbo wa tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, ojú yóò tì í, yóò tún ta á. Bí kò tilẹ̀ dùn, kó ṣáà ta á. Mo ti múra tán láti dárí jì í.

Ó dé ní àárọ̀, nígbà tí a ti wọ poro kejì. Kò gbé gìtá dání, kò sì mú ọkọ́. Báfùlù ńlá kan ló so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, irú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n ń fi bátìrì lò. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi kajú, ó nu ekuru ojú rẹ̀, ó ki kìlé bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí gbogbo wa. "Mo ní eré ní Pénéssoulou lọ́sàn-án, n ò lè jókòó. Ọwọ́ mi nìyí." Ó fi ọwọ́ gbá báfùlù náà lórí. "Orin inú ẹ̀ máa tó yín di ìrọ̀lẹ́."

Ó tàn án, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ. Kò wo ojú mi. Orin náà bẹ̀rẹ̀, ó dùn, ó sì ròkè ju bí gìtá àtijọ́ yẹn ṣe lè ròkè láéláé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tẹ̀ ba, wọ́n ń kọ ebè lọ. Ẹnì kan ń jó mọ́ ọn bó ṣe ń kọ ọ́.

Mo gbé ọkọ́ mi kalẹ̀, mo lọ sábẹ́ igi, mo pa á.

Oko dákẹ́. Ọkọ́ ń wọlẹ̀ ní méjì ní mẹ́ta, kò bá ara wọn mu mọ́. Olórí àáró wa nàró.

"Kí ló ṣe é? Ṣé bátìrì ni?"

"Èmi ni mo pa á," mo ní. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti Bassila, ti àpótí tí kò tàn, ti orí ìka tó rọ̀, ti okùn tí kò tán rárá lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fara ti ọkọ́, wọ́n fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, olórí àáró bi mí pé, "Ta ló wá ń ta èyí tá a gbọ́ yìí?"

"Òun ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló ń ta á fún. Kò sí níbí."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní, "Bó bá ṣáà jẹ́ òun ni, kò burú. Èyí tilẹ̀ dáa jù, kò ní bá wa jẹ iyán." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀, mo rí i pé kò sí ẹni tí wọ́n dalẹ̀ lára wọn àfi èmi.

Olórí àáró rọra sọ fún mi pé, "Oòrùn ń gòkè, ọ̀rẹ́. Oko tìẹ ni. Tàn án."

Mo tàn án. Orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Mo pinnu pé ọkọ́ tèmi kò ní bá a lọ, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú poro kan, tí àwọn tó kù ń fi mí sẹ́yìn. Nínú poro tó tẹ̀ lé e, apá mi ti wọ inú orin náà láìbi mí léèrè.

Nígbà tí a fi máa ṣíwọ́, ebè mi ti pé, wọ́n tò dáadáa, wọ́n sì pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ. Olórí àáró wa rìn yí wọn ká, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n pe onígìtá, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sì sọ fún un pé oko tirẹ̀ ló kàn.